Fọ́tò Halimah Lórí Ìròyìn Olè

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni Halimah.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí i sí. Eccles, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ń gbé báyìí, nínú yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan, òun àti Fúnmi tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ wọn ò lórúkọ ńlá. Wọ́n ń tọ́jú arúgbó. Wọn á dé ilé arúgbó láàárọ̀, wọn á wẹ̀ ẹ́, wọn á fún un lóògùn, wọn á po tíì, wọn á tẹ ohun tí wọ́n ṣe sínú fóònù, wọn á sì sáré wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé ẹlòmíì. Ọdún mẹ́ta ni Halimah ti ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ló pẹ́ dé ibi iṣẹ́ láàárín ọdún mẹ́ta yẹn. Yìnyín ló fà á nígbà méjèèjì.

Obìnrin náà ò ga. Ohùn rẹ̀ ló ga. Tó bá ń bá Fareedah ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹni tó ń gérun nísàlẹ̀ á gbọ́ bí ìdánwò Fareedah ṣe lọ. Yunifásítì ni Fareedah wà ní Ìlọrin. Òun nìkan lọmọ. Bàbá rẹ̀ ti kú.

Halimah ò kọ́kọ́ rí ìwé ìròyìn ní Manchester. Òun ni bàbá rẹ̀ ń tà níwájú pósọ́fíìsì ní Ìsẹ́yìn. Pákó gígùn kan ni. Bàbá á to ìwé sórí rẹ̀, á fi òkúta lé ọ̀kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ má gbé e lọ. Kò mọ̀wé kà. Àwọ̀ àti àwòrán ló fi ń dá ìwé kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Láàárọ̀, àwọn ọkùnrin á pé lé pákó náà, wọn á ka gbogbo rẹ̀ tán láìra ẹyọ kan, wọn á sì máa bá ara wọn jà lórí ohun tí wọ́n kà. Nígbà kan, ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ pé tíṣà kan fún ọmọléèwé lóyún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá Halimah ni tíṣà náà kọ́kọ́ bínú wá. Bàbá ò bá a jà. Ó wọṣọ tó dáa, òun àti tíṣà àti àgbà méjì wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn náà títí ẹni tó kọ ọ́ fi jáde wá gbà pé àṣìkọ ni. Bí Halimah ṣe mọ ìwé ìròyìn nìyẹn. Ohun tó nílé ni. Ohun tó nílẹ̀kùn ni.

Lára àwọn tó ń tọ́jú ni Reuben, òyìnbó ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún tó ń dá gbé ní Salford. Ìwé ìròyìn ni òun náà fi jẹun. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi tẹ̀ ẹ́ nínú ilé ìtẹ̀wé kan láàárín Manchester. Ó ní nígbà yẹn, ìwé ìròyìn London ò lè ti London dé apá òkè yìí kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí náà Manchester ni wọ́n ti ń tún un tẹ̀, ilẹ̀ á sì máa mì lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá lójú títì. Wọn ò tẹ nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ojú Reuben ò ríran dáadáa mọ́. Redíò rẹ̀ kì í kú. Ní gbogbo Thursday, Halimah á bá a ra Lantern, ìwé ìròyìn àdúgbò wọn, á máa kà á fún un bó ṣe ń jẹ búrẹ́dì. Lantern ti rù. Ojú ìwé ogún ló kù, ìpolówó ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ àti àga tó ń gbé arúgbó gun àtẹ̀gùn ló sì gba ìdajì rẹ̀. Reuben á ní kí ó kọ́kọ́ ka ojú ìwé àwọn tó kú, kí òun lè mọ ẹni tí òun ti pẹ́ láyé jù.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà Àjíǹde, Lantern rán oníkámẹ́rà wá ya fọ́tò àwọn olùtọ́jú tí ò gba ìsinmi. Ó ya Halimah nínú yúnífọ́ọ̀mù búlúù rẹ̀, pẹ̀lú ìborí funfun, ó gbé kẹ́tù tíì dání, ó ń rẹ́rìn-ín tó fi jẹ́ pé ojú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Wọ́n gbé e jáde. Wọ́n yìn wọ́n. Halimah ra ẹ̀dà márùn-ún. Ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Ìlọrin.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, ilé ẹjọ́ kan ní ìlú míì rán olùtọ́jú kan lẹ́wọ̀n. Ó jí góòlù ìyá arúgbó. Halimah ò mọ obìnrin náà, kò tilẹ̀ dé ìlú náà rí. Lantern kọ ọ́ sórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ Monday. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà pé olùtọ́jú tó jalè ti rẹ́wọ̀n he. Ní abẹ́ àkọlé yẹn, Halimah ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kẹ́tù tíì, ó ń rẹ́rìn-ín.

Wọn ò kọ orúkọ sábẹ́ fọ́tò. Kò sẹ́ni tó nílò orúkọ.

Fúnmi ló kọ́kọ́ rí i, lórí WhatsApp. Ọmọ Yorùbá ló fi ránṣẹ́, kì í ṣe òyìnbó. Kó tó di ọ̀sán, ó ti wọ ẹgbẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn, ó ti wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin aládùúrà, ó ti wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ìdáná àlòkù. Ọkùnrin kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé Astaghfirullah, irú àwọn yìí ló ń ba orúkọ wa jẹ́. Ọkùnrin yìí ti jẹ ìrẹsì nílé Halimah rí.

Fareedah pè láti Ìlọrin. Ó kí ìyá rẹ̀. Ó bèèrè bóyá ó wà nílé. Halimah ní níbo ló fẹ́ kí òun wà. Fareedah dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn wọ Halimah lára ju gbogbo ohun tí àwọn yòókù kọ lọ.

"Ṣé o rò pé mo wà lẹ́wọ̀n ni?"

"Rárá, Mọ̀mí. Mo kàn ní kí n gbọ́ ohùn yín."

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin Reuben tó ń gbé ní Stockport pe agency tó gba Halimah síṣẹ́. Ó ní kí wọ́n má rán obìnrin yẹn sí bàbá òun mọ́. Akínwálé ló ń ṣètò ẹni tó ń lọ sílé ta níbẹ̀. Manchester ni wọ́n bí Akínwálé sí, Yorùbá rẹ̀ dáa, ó sì mọ ọ̀wọ̀. Ó yọ Halimah kúrò nílé Reuben. Ó ní òun mọ̀ pé kò jalè, gbogbo ọ́fíìsì ló mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ní bàbá ló lè sọ ẹni tó máa wọlé bàbá òun. Ó ní kí Mummy fi sílẹ̀, á lọ fúnra rẹ̀. Ìròyìn kì í pẹ́ lórí fóònù.

Halimah ní òun ò ní fi sílẹ̀.

Ohun tó ń fẹ́ ò pọ̀. Ó fẹ́ kí Lantern kọ ọ́ síbi tí wọ́n kọ tàkọ́kọ́ sí, pẹ̀lú ojú òun, pé obìnrin yìí kọ́ ni olè náà. Kò bèèrè owó. Kò bèèrè ẹjọ́. Fúnmi bá a kọ íméèlì. Èsì dé lọ́jọ́ kẹta. Ó ní àwọn kẹ́dùn bó bá dùn ún, ṣùgbọ́n fọ́tò náà wà fún àpẹẹrẹ iṣẹ́ ìtọ́jú ni, àwọn ò sì sọ níbì kankan pé òun ni. Wọn ò fọwọ́ sí i. Kò sí orúkọ ènìyàn lábẹ́ rẹ̀.

Halimah ní kí Fúnmi kà á lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ó bèèrè ibi tí ilé wọn wà.

Àdírẹ́sì kan wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Àárín Manchester ni. Halimah lọ bá Alhaji Rasheed, àgbà ẹgbẹ́ ọmọ Ìsẹ́yìn, ó sì ro ẹjọ́ fún un. Alhaji ní ọ̀rọ̀ orúkọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi íméèlì yanjú. Fúnmi ní kí àwọn kúkú lọ sí àwọn ilé tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà ní Salford Quays, tí ọkọ̀ ojú irin tram ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lójoojúmọ́, kí àwọn lọ pariwo níbẹ̀ kí gbogbo ilẹ̀ gbọ́. Alhaji ní àwọn yẹn ò ṣe Halimah ní nǹkan kan. Ẹni tó kọ ọ́ ni àwọn ń wá.

Ní àárọ̀ Wednesday, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta múra bí ẹni tó ń lọ sílé àna. Alhaji wọ agbádá lé súwẹ́tà. Wọ́n dé ilé náà. Gíláàsì ni gbogbo rẹ̀, òdòdó inú ìkòkò wà káàkiri, ọmọbìnrin kan sì jókòó sẹ́yìn tábìlì gíga. Alhaji kí i dáadáa. Ó bèèrè àwọn ará ilé. Ó ní àwọn bá ọ̀rọ̀ wá, kí ó bá àwọn pe àgbà ilé Lantern jáde.

Ọmọbìnrin náà wo kọ̀ǹpútà. Ó ní òótọ́ ni, àdírẹ́sì Lantern nìyí. Iléeṣẹ́ tó lé ní ọgọ́jọ ló ń lo àdírẹ́sì yìí. Lẹ́tà wọn ló ń wá. Àwọn fúnra wọn kì í wá. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti jókòó síbẹ̀, kò rí ọ̀kan nínú wọn rí.

Alhaji bi í léèrè.

"Níbo ni wọ́n wá ń jókòó sí tí wọ́n bá fẹ́ parọ́ mọ́ èèyàn?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó yára fọwọ́ bo ẹnu. Ó ní ilé wọn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, olúkúlùkù ní yàrá tirẹ̀, òun ò sì mọ ilé ẹnì kankan.

Wọn ò dìde. Èèyàn kì í dédé dìde kúrò níbi tó bá ọ̀rọ̀ wá. Wọ́n jókòó sórí àga rírọ̀ kan títí di ọ̀sán, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà gbé omi wá fún wọn, ó rò pé òkú ni wọ́n ń ṣọ̀fọ̀. Nígbà tó tó àsìkò ìrun, Alhaji gbé agbádá rẹ̀ lé èjìká. Ó ní òun ti rí ilé tí ò ní baálé rí, òun ò rí ilé tí ò ní ilé rí.

Alẹ́ ọjọ́ kejì ni Reuben pe Halimah. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ fóònù, fóònù ilé ni. Ó ní ẹni tuntun tí wọ́n rán wá ò mọ ibi tí ṣíbí òun wà, ó sì ń ka òkú bí ẹni ń ka orúkọ ibùdó bọ́ọ̀sì. Halimah ní ọmọ rẹ̀ ló lé òun. Reuben ní òun mọ̀, òun ti bá a jà, ó sì ti pa fóònù mọ́ òun létí. Halimah wá ròyìn ilé gíláàsì fún un. Reuben rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Nígbà tó gbádùn, ó sọ̀rọ̀ kan tó wúlò. Ó ní nígbà tiwọn, ẹni tí ìwé ìròyìn bá bú á dúró nísàlẹ̀ á máa pariwo, wọ́n á sì pe ẹni tó kọ ọ́ sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ìsàlẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n àga kan ṣì kù. Nínú gbọ̀ngàn tí ìgbìmọ̀ kánsù ti ń pàdé, àga àwọn oníròyìn wà lápá ọ̀tún. Mẹ́fà ló máa ń jókòó síbẹ̀ nígbà kan. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù, ti Lantern sì ni. Kí Halimah wo orúkọ tó wà lórí ìròyìn náà.

Nathan ni orúkọ náà. Ìgbìmọ̀ ń pàdé ní àárọ̀ Tuesday, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ẹnikẹ́ni ló lè wọlé lọ wòran.

Halimah wọlé lọ wòran. Ó jókòó fún wákàtí méjì àbọ̀, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ gọ́tà, ọ̀rọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí àti ti igi kan tí gbòǹgbò rẹ̀ ń ta àwọn èèyàn lẹ́sẹ̀. Lápá ọ̀tún, ọ̀dọ́mọkùnrin onímú pupa kan ń tẹ kọ̀ǹpútà, ó ń jẹ bisikíìtì lábẹ́ tábìlì. Nígbà tí ìpàdé tú, Halimah lọ dúró síwájú rẹ̀.

"Ìwọ ni Nathan?"

Ó ní òun ni. Halimah na fóònù sí i.

"Ojú ta nìyí?"

Nathan wo fóònù. Ó wo Halimah. Ó tún wo fóònù. "Ojú yín ni."

"Orúkọ ta ló wà lókè rẹ̀?"

"Orúkọ mi ni."

"Ó dáa. A ti rí ara wa."

Nathan ṣàlàyé. Òun kọ́ ló yan fọ́tò. Ìlú míì ni ẹni tó ń yan fọ́tò wà, onítọ̀hún á tẹ ọ̀rọ̀ kan sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á kó gbogbo fọ́tò tó bá ọ̀rọ̀ náà mu jáde, á sì mú èyí tó bá kọ́kọ́ rí. Ìlú mẹ́rin ni òun nìkan ń kọ ìròyìn fún. Ìròyìn mẹ́jọ lóòjọ́. Inú yàrá òun ni òun ti ń kọ ọ́, àbí nílé kọfí, àbí lórí àga yìí. Òun ò rí ọ̀gá òun lójúkojú rí, àfi nínú kọ̀ǹpútà. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti ń wá ẹni tó máa gbọ́ tipẹ́. Àánú rẹ̀ fẹ́ ṣe Halimah. Ó tì í sápá kan.

"Mo lè ní kí wọ́n yọ ọ́," Nathan ní.

"Yọ ọ́. Kí o sì kọ ọ́ síbi tí o kọ tàkọ́kọ́ sí pé èmi kọ́ ni."

"Wọn ò ní gbà. Wọ́n á ní àwọn ò sọ pé ẹ̀yin ni."

"A jẹ́ pé a jọ máa wà níbí nìyẹn."

Nathan rò pé àwàdà ni.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti yọ fọ́tò náà. Wọ́n fi àwòrán ọwọ́ méjì tó di ara wọn mú síbẹ̀. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Akínwálé pe Halimah, inú rẹ̀ dùn. Ó ní Mummy ti borí. Halimah bèèrè bóyá ọmọbìnrin Reuben ti gbọ́ pé òun borí. Akínwálé ní rárá. Ó bèèrè bóyá àwọn ọmọ Ìsẹ́yìn ti gbọ́. Akínwálé tún ní rárá.

"Ma, wọ́n ti yọ ọ́. Kí lẹ tún ń fẹ́?"

"Ẹni tó bú mi níta gbangba, tó wá yọ́ wọlé lọ, ìwọ ń pe ìyẹn ní ẹ̀bẹ̀?"

"Àwọn ọ̀gá ò fẹ́ ariwo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé agency ló dúró fún físà yín."

"Mo rántí. Sọ fún wọn pé mo rántí. Àyè ara mi ni mo fi ń lọ jókòó ní kánsù, n kì í fi àyè iṣẹ́ lọ. Tí wọ́n bá fẹ́ lé mi, kí wọ́n kọ ohun tí mo ṣe sínú ìwé, kí wọ́n fọwọ́ sí i."

Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba Halimah. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ méjì ló fi ń gbọ́ ìró fóònù ní ìgbà tí fóònù ò dún.

Tuesday kejì, ìyẹn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó padà lọ. Ó jókòó sẹ́yìn Nathan gan-an. Kò bá a sọ̀rọ̀. Ó kí i nígbà tó wọlé, ó kí i nígbà tó ń jáde. Ẹ̀yìn ọrùn Nathan pọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò jẹ bisikíìtì kankan.

Tuesday kẹta, Fúnmi tẹ̀ lé e, àti olùtọ́jú mẹ́sàn-án tí iṣẹ́ òru wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Yúnífọ́ọ̀mù wà lọ́rùn wọn. Méjì sùn lórí àga. Ẹnì kan ń hanrun, alága ìgbìmọ̀ sì ní láti gbé ohùn sókè lórí ọ̀rọ̀ gọ́tà. Halimah ò ní kí wọ́n wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn sọ ni pé fọ́tò àwọn náà wà lára èyí tí wọ́n yà ní Àjíǹde yẹn, ẹ̀rọ sì lè mú tàwọn lọ́la.

Ní ìgbà yẹn ni alága, obìnrin kan tó dàgbà, bèèrè lọ́wọ́ akọ̀wé pé ta ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Akọ̀wé ò mọ̀. Alága ní ẹni tó bá ní ìbéèrè lè kọ ọ́ wá, wọ́n á fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ta ní ìpàdé tó ń bọ̀. Fúnmi kọ ọ́ kí wọ́n tó dé ibùdó bọ́ọ̀sì.

Tuesday kẹrin, wọ́n lé ní ọgbọ̀n. Wọn ò ríbi jókòó tán. Kánsù ní kámẹ́rà tirẹ̀ nínú gbọ̀ngàn, tó ń gbé ìpàdé sórí ẹ̀rọ kí ará ìlú lè máa wò ó nílé. Bóyá ènìyàn méje ló máa ń wò ó. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ń wò ó ní Eccles, wọ́n ń wò ó ní Ìsẹ́yìn, Fareedah ń wò ó ní Ìlọrin, Reuben sì ní kí ẹni tuntun gbé e sí òun létí.

Wọ́n pe Halimah. Ó dìde. Ó kọ́kọ́ gbé ìwé ìròyìn ọdún tó kọjá sókè, lẹ́yìn náà ó gbé fóònù sókè, níbi tí Fúnmi ti tọ́jú èyí tí wọ́n yọ. Ohùn tí wọ́n fi ń gbọ́ ọ nísàlẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ló lò.

"Halimah Oyèwọlé ni mí. Mò ń tọ́jú arúgbó ní ìlú yìí. Èyí, èmi ni. Wọ́n yà mí nígbà tí wọ́n ń yìn mí. Èyí náà, èmi ni. Wọ́n fi mí síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ olè. N ò jalè rí. Ọmọ mi pè mí láti ilé, ó ń bẹ̀rù láti bi mí léèrè. Wọ́n ní ẹ̀rọ ló ṣe é. Wọ́n ní kò sí orúkọ mi níbẹ̀. Ojú mi ni orúkọ mi. Ìbéèrè mi nìyí: ẹ̀yin lẹ̀ ń rán wa lọ sílé àwọn arúgbó. Tí wọ́n bá tilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ò ṣe nǹkan kan, kí lẹ máa sọ?"

Kò lo ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó jókòó.

Alága wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó sì ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní kò sí ẹ̀sùn kankan lórí Halimah Oyèwọlé, kò sì sí rí, òun fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yíjú sápá ọ̀tún.

"Mo rò pé oníròyìn ń kọ ọ́."

Nathan ń kọ ọ́. Kí ló tún lè ṣe? Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kọ ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀, gbogbo ènìyàn sì rí i bó ṣe ń kọ ọ́.

Ó dúró de Halimah ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní òun máa fi ránṣẹ́ kí ọ̀sán tó pọ́n. Tí wọn ò bá fẹ́ gbé e, kí wọ́n wá sọ ìdí tí wọ́n fi fo ohun tó wà nínú ìwé kánsù. Ó yọ fóònù, ó ní kí ó dúró síbi fèrèsé kí òun ya fọ́tò tuntun.

"Kì í ṣe tuntun," Halimah ní. "Èyí tó wà lọ́jọ́sí ni kẹ́ ẹ lò. Ti kẹ́tù tíì."

"Ìyẹn náà?"

"Òun náà. Mi ò ní fi ẹ̀rín mi sílẹ̀ fún olè."

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀, ó jáde. Ibi tí wọ́n gbé tàkọ́kọ́ sí ni wọ́n gbé e sí, lókè pátápátá. Halimah ń rẹ́rìn-ín. Àkọlé rẹ̀ ní olùtọ́jú ní Eccles sọ pé òun kọ́ ni olè. Nísàlẹ̀, Lantern fi ìlà méjì kọ ọ́ pé àwọn ṣì í lò, àwọn sì tọrọ àforíjì. Ìlà méjì náà kúrú. Halimah kà wọ́n, ó ní wọ́n tó.

Àwọn tó tan tàkọ́kọ́ kálẹ̀ ò yá láti tan èyí. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin Astaghfirullah, ó fi orúkọ ọkùnrin náà nìkan síwájú ìròyìn náà, kò fi ọ̀rọ̀ míì sí i. Ọkùnrin náà kúrò nínú ẹgbẹ́. Fareedah pè, ó ń sunkún, ó ní kí Mọ̀mí má bínú. Halimah ní òun ò bínú. Ó bínú. Ó bi í bó ṣe ń jẹun.

Ní ọjọ́ Thursday, Akínwálé pè. Ọmọbìnrin Reuben ti rí i. Ó fẹ́ kí Mummy padà sílé bàbá òun ní Monday, àwọn ọ̀gá sì fọwọ́ sí i.

"Ó dáa. Kí ó wá sọ fún mi."

"Ó ti sọ fún wa, Ma."

"Nígbà tó lé mi, ẹ̀yin ló lé ni?"

Akínwálé ní òyìnbó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n kì í wá sílé èèyàn nítorí irú èyí. Ó lè kọ káàdì.

"Á kọ́ bí wọ́n ṣe ń wá sílé èèyàn. Ẹ fún un ní àdírẹ́sì mi. Tèmi nílẹ̀kùn."

Jimọ̀ kọjá. Sátidé kọjá. Fúnmi ní kí Àǹtí jọ̀ọ́, kí ó rántí Reuben tí ò rí ṣíbí. Halimah ní òun rántí. Oorun ò kùn ún lóru Sátidé. Ó mọ̀ pé tí obìnrin náà ò bá wá, Reuben ni yóò jìyà rẹ̀, òun náà á sì jìyà rẹ̀, nítorí ó fẹ́ràn bàbá náà. Síbẹ̀ kò gbé fóònù.

Ní ọ̀sán Sunday, ẹnì kan ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, ó ń gùn ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ò dá ara rẹ̀ lójú. Ọmọbìnrin Reuben ni. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó gbé òdòdó inú ọ̀rá dání. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní òun wá bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n òun rí fọ́tò náà, ta ni kò ní rò ó.

Halimah ò yà lọ́nà.

"Ẹ tún un sọ. Ẹ yọ 'ṣùgbọ́n' kúrò."

Obìnrin náà la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun kábàámọ̀, ṣùgbọ́n bàbá òun ni. Halimah mi orí. Fúnmi ò mọ ibi tó máa gbé ojú sí, ó lọ ń nu tábìlì tó mọ́. Obìnrin náà wo òdòdó ọwọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Mi ò bi yín léèrè," ó ní. "Mo mọ̀ yín láti ọdún méjì, mi ò bi yín léèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Halimah yà lọ́nà. Ó gbé àga fún un, ó gba òdòdó náà, ó bèèrè bóyá Reuben ń lo oògùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ oògùn fún bí ìdajì wákàtí. Ní àárọ̀ Monday, aago méje àbọ̀, Halimah yóò wà níbẹ̀.

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, Fúnmi ní ọkàn Àǹtí le. Halimah ní òótọ́ ni. Ó se ẹ̀wà. Ẹ̀wà náà ló jẹ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, pẹ̀lú dòdò mẹ́rin àti sàdíìnì agolo kan.